Ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí: ta ló mọ èyí tó súnmọ́ Ìkòròdú?

Káfíńtà Ìgbógbó
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ̀ ń kọ síbí, mi ò dá sí i rí. Ọtí ló gbé mi wá lónìí. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní ọ̀nà Ìgbógbó. Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi pé mi ò lè fi pẹ́ńsù fa ìlà tó gún lórí pákó. Àfi tí mo bá feyín ya ọtí inú ọ̀rá kan, tí mo dà á sẹ́nu, kí ọwọ́ tó dúró. Ọ̀sán á dé, màá tún ra òmíràn, tó bá di alẹ́ ó di ti ògógóró. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀. Ìyàwó mi mọ̀ díẹ̀, kò mọ̀ tán.

Mo fẹ́ jáwọ́. Ẹnì kan ní Ẹ̀bute sọ fún mi pé ìpàdé kan wà tí àwọn tí ọtí ti bá fínra máa ń ṣe, pé wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀, ẹnì kan ò ní bú ẹnì kan. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó wà ní Ìkòròdú níbí àbí Èkó ni mo máa lọ? Èló ni wọ́n ń gbà? Ṣé wọ́n ń sọ Yorùbá níbẹ̀? Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí n má lọ pàdé kọ́sítọ́mà mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ là mí lóye. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ da gbogbo ẹ̀ nù, mi ò ní fẹnu kàn án mọ́.

Màmá Ṣadé, Ágríkì
Ọmọ mi, Olúwa á gbà ẹ́. Ẹ̀mí kan ló wà nídìí ọtí. Wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sórí òkè, ó gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà sí i lórí, títí dòní kò mu ún mọ́. Kí lo fẹ́ lọ kọ́ láàárín àwọn ọ̀mùtí? Mú ìyàwó rẹ dání, kẹ́ ẹ wá bá wa lọ́jọ́ ìsinmi. Bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láti ọjọ́ Ajé yẹn náà.

Nọ́ọ̀sì Ìpàkodò
Ẹ dúró ná, Káfíńtà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí dìgbà tó bá mutí, ara rẹ̀ ti gba ọtí mọ́ra. Ọtí máa ń mú ọpọlọ rọ, ọpọlọ náà á sì máa sa gbogbo agbára rẹ̀ kí ó má baà rọ jù. Ó dà bí ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan síra wọn: bí ẹni tó wà nínú bá fi í sílẹ̀ lójijì, ẹni ìta á ṣubú wọlé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá já ọtí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láàárín wákàtí mélòó kan ara á ti máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, á máa bì, oorun ò ní kùn ún. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì lè mú un bíi ti oníwárápá. Láti nǹkan bíi ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kó máa sọ ìsọkúsọ, kí ibà gbé e, kí àyà rẹ̀ máa sáré. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ń pààyàn. Wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ ni mo ti rí i, mi ò kà á nínú ìwé nìkan.

Nítorí náà, ẹ má dá a ṣe nílé. Ẹ lọ sí General Hospital wa ní Ìkòròdú níbí, ẹ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún un: bí ẹ ṣe ń mu tó lóòjọ́, ìgbà tí ẹ mu kẹ́yìn, bóyá gìrì ti mú yín rí, àti oògùn yòówù tí ẹ bá ń lò. Òun ló máa mọ̀ bóyá ẹ lè máa gba oògùn nílé, tí wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n dá yín dúró. Wọ́n sábà máa ń fún èèyàn ní fítámì B1 pẹ̀lú, nítorí ọtí máa ń jẹ ẹ́ tán lára, àìsí rẹ̀ sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ má lọ ra diazepam, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, fúnra yín lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Òun àti ọtí nínú ara kan náà lè dá èémí dúró. Kẹ́ ẹ tó rí dókítà, ẹ má kàn jáwọ́ lójijì. Bí gìrì bá mú yín tàbí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Bó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ̀wé fún yín sí ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tàbí Aró ní Abẹ́òkúta. Aró ní ẹ̀ka tó dá dúró fún àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún, DATER ni wọ́n ń pè é. Láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹ lè gba Ṣàgámù débẹ̀ láìwọ Èkó rárá.

Màmá Ṣadé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ààwẹ̀ yẹn ni mi ò fara mọ́. Ẹni tí ọtí ń yọ lára rẹ̀ nílò omi àti oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ ná.

Awakọ̀ Ìjẹ̀dé
Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀. Ẹ lọ rí dókítà kọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ìbéèrè ìpàdé, torí èmi náà ń lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà, inú gáréèjì ni mo ti mọ pàràgà.

Alcoholics Anonymous lorúkọ ẹ̀, AA la máa ń pè é. Ọkùnrin méjì tí ọtí fẹ́ pa ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1935 ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni ẹnì kejì. Wọ́n rí i pé nígbà tí àwọn méjèèjì bá jókòó sọ̀rọ̀, òùngbẹ ọtí máa ń fúyẹ́. Ìdí ẹ̀ nìyẹn, Màmá, tí a fi ń jókòó láàárín àwọn ọ̀mùtí. Irọ́ tí mo lè pa fún pásítọ̀, tí mo lè pa fún ìyá mi, mi ò lè pa á fún ẹni tóun náà ti pa á.

Kò sówó ìwọlé. Tó bá kù díẹ̀ kó parí, wọ́n á gbé àpò kan kiri fún owó yàrá àti owó tíì. Ẹni tó bá ní á fi sí i, ẹni tí kò bá ní á gbé e kọjá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn ni pé kó fẹ́ jáwọ́. Wọn ò ní kó ti jáwọ́ o, kó ṣáà ti fẹ́.

Ẹ ó jókòó. Ẹni tó ń darí á ka ọ̀rọ̀ díẹ̀, á béèrè bóyá ẹni tuntun wà. Orúkọ àkọ́kọ́ yín tó, èyí tó bá wù yín. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ò gbọdọ̀ já lu ẹnì kejì. Bó bá kàn yín, tí ẹnu yín ò gbé e, ẹ ní “mo kàn wá gbọ́ ni.” Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ má sá lọ bó bá ti tán. Ìdí tíì yẹn ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ibẹ̀ ni mo ti gba nọ́mbà ẹni tó di sponsor mi, ìyẹn ẹni tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, tí mo lè pè nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń yún mi.

Ti ìtìjú: oríṣi ìpàdé méjì ló wà. Ọ̀kan ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó, ọ̀rẹ́, ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀. Èkejì, àwa tó fẹ́ jáwọ́ nìkan ló wà fún. Èkejì ni kẹ́ ẹ béèrè. Bí ẹ bá sì bá kọ́sítọ́mà yín níbẹ̀, ohun tó gbé yín wá ló gbé òun náà wá. Ẹni tí a bá rí níbẹ̀ àti ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń kù sí.

Èmi kì í lọ sí èyí tó bá wà nítòsí, tìtorí pé gbogbo Ìjẹ̀dé ló mọ̀ mí. Ọkọ̀ BRT ni mo ń wọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú, mo ń kọjá Mile 12. Mi ò ní kọ àdírẹ́sì síbí, torí ìpàdé máa ń kúrò lójú kan, èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì lè ti pẹ́. Ẹ wá nọ́mbà, ẹ pè é, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn èèyàn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Kó má di pé ẹ dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti tì pa, kẹ́ ẹ wá fi ìbànújẹ́ yà sí búkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí owó ọkọ̀ bá le, èyí tó wà lórí Zoom ò lóǹkà. Online Intergroup ti AA ló kó wọn jọ, tọ̀sán tòru ni.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń darí ẹ̀ níbi tí mò ń lọ. Bó bá kàn mí, Yorùbá àti pidgin ni mo fi ń sọ tèmi, kò sẹ́ni tó bá mi wí.

Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn níbẹ̀ rárá. Mo sì rò pé kẹ́ ẹ má tíì sọ fún ìyàwó yín. Ẹ lọ jẹ́ẹ́ ná, kó fojú ara ẹ̀ rí ìyípadà.

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà
Gbogbo ìrìn yìí ti pọ̀ jù. Oògùn kan wà tí wọ́n ń tà, a lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi láìjẹ́ kó mọ̀. Bó ṣe mutí lé e báyìí, ó bì títí, ojú ẹ̀ pọ́n, àyà ẹ̀ ń lù kìkì. Ẹ̀rù bà á, ó sì dín in kù. Kí ìyàwó Káfíńtà wá a rà.

Nọ́ọ̀sì Ìpàkodò
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe èyí. Ohun tí ẹ kọ yẹn jọ disulfiram. Oògùn gidi ni, àwọn dókítà ń lò ó, ṣùgbọ́n fún ẹni tó mọ̀, tó gbà, tí ọtí ò sì sí lára rẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí 12. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti gbé e mì lè mu ọtí bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, kí ọkàn rẹ̀ dúró. Orí ló kó ẹ̀gbọ́n yín yọ. Oògùn míì wà tó ń dín òùngbẹ ọtí kù, bíi naltrexone àti acamprosate. Dókítà ló ń kọ ọ́, aláìsàn ló ń gbé e mì pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Abu Fáríídà, Ìsáwo
Àsàlámù àlékùm. Ìtìjú tiwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí wúwo gan-an, nítorí ọtí fúnra rẹ̀ ti jẹ́ haraamu. Bí mo bá bá ìmáámù sọ ọ́, ṣé wọ́n á tún jẹ́ kí n ṣíwájú ìrun mọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́ pẹ́.

Awakọ̀, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kò rí bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn tán. Ìgbésẹ̀ 12 ni wọ́n ní fún ẹni tó ń jáwọ́, Ọlọ́run sì wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni “Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ Ọ́n,” ìyẹn ò sì dí mi lọ́wọ́. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, Àdúrà Olúwa ti àwọn onígbàgbọ́ ni wọ́n fi parí. Mo dákẹ́, mo ka Fátíhà sínú. Nígbà tó yá mo bá ẹni tó ń darí sọ̀rọ̀, kò bínú rárá. Àdúrà kúkúrú tiwọn ni wọ́n ń lò níbẹ̀ báyìí, èyí tí a fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó fún wa ní ìfọ̀kànbalẹ̀ láti gba ohun tí a ò lè yí padà, ìgboyà láti yí èyí tí a lè yí padà, àti ọgbọ́n láti mọ ìyàtọ̀. Mo lè ṣe àmín sí ìyẹn. Kí Mùsùlùmí tó bá ń kà á má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kó mọ ohun tó máa bá níbẹ̀.

Awakọ̀ Ìjẹ̀dé
Abu Fáríídà, òótọ́ lẹ sọ. Tèmi ni pé wọn kì í béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí èèyàn ń lọ.

Ìyàwó Ilé, Odòngùnyàn
Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ọkùnrin, mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ “má tíì sọ fún ìyàwó.” Ẹni tó ń gbọ́ bí o ṣe ń yíra lórí ibùsùn lóru, tó ń ká àwọn ọ̀rá kúrò nínú àpò ṣòkòtò rẹ kó tó fọ̀ ọ́, o rò pé kò mọ̀? Ohun tí kò mọ̀ ni pé o fẹ́ jáwọ́. Èyí ló yẹ kó gbọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí gìrì tí Nọ́ọ̀sì sọ bá mú ọ lóru, ta ló máa pariwo?

Ọkọ tèmi ò lọ sí ìpàdé kankan. Mo ti da ọtí rẹ̀ nù, mo ti parọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ibà ló dá a dúbúlẹ̀, mo ti san gbèsè rẹ̀ lọ́dọ̀ onílé ọtí. Kò tán. Ẹnì kan wá júwe Al-Anon fún mi. Ti àwa ará ilé ẹni tó ń mutí nìyẹn, ó dá dúró sí AA. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn méjì tó bẹ̀rẹ̀ AA wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1951. Orí Zoom ni mo ti ń ṣe tèmi, nínú kíṣìnì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Wọ́n kọ́ mi ní gbólóhùn mẹ́ta: èmi kọ́ ló fà á, mi ò lè kápá rẹ̀, mi ò lè wò ó sàn. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo tó rójú mí. Mo ti dẹ́kun píparọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ń mu ún síbẹ̀. Ara tèmi ti yá díẹ̀. Káfíńtà, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà fún òun náà.

Káfíńtà Ìgbógbó
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Ó sunkún, ó wá ní òun á tẹ̀ lé mi lọ rí dókítà. Mi ò ní já a sílẹ̀ lójijì mọ́, Nọ́ọ̀sì.

Ó ku nǹkan méjì. Kíọ́sìkì tó ń ta ọtí inú ọ̀rá kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Ṣebí wọ́n ní NAFDAC ti fòfin dè é? Èkejì, àgbo jẹ̀dí ni mò ń mu láràárọ̀, ṣé kí n fi ìyẹn náà sílẹ̀?

Olùkọ́ Ìmọ̀ta
Ti NAFDAC: oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin náà ṣẹ, wọ́n tún sún un síwájú di ìparí 2025. Ẹ má fi ọkàn sí òfin. Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ sì sọ fún oníkíọ́sìkì náà pé kó má ta á fún yín mọ́, bí ẹ tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó lè má gbà. Ẹ sọ ọ́ náà.

Mo ní ohun kan láti dábàá. Ìlànà AA fúnra rẹ̀ sọ pé èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó bá kóra jọ láti jáwọ́ nínú ọtí lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́ AA, bí wọn ò bá ti sí lábẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Kí ló dé tí a ò lè ní èyí tó jẹ́ Yorùbá pọ́nńbélé ní Ìkòròdú? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Màmá Ṣadé, Ágríkì
Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣófo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo lè bá wa bá àwọn àgbà ìjọ sọ ọ́. Kí pásítọ̀ kàn fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣí i.

Abu Fáríídà, Ìsáwo
Màmá, a dúpẹ́. Bí pásítọ̀ bá ṣí i, èmi ò ní lè wá, àwọn bíi tèmi ò sì ní wá.

Awakọ̀ Ìjẹ̀dé
A lè lo gbọ̀ngàn náà láìjẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ìpàdé AA, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹgbẹ́ á san owó ibẹ̀, ìjọ á fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ó parí síbẹ̀. Màmá, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, ire ńlá lẹ ṣe. Àmọ́ mi ò fẹ́ ká sáré bẹ̀rẹ̀. Kí àwa tó fẹ́ dá a sílẹ̀ kọ́kọ́ máa lọ sí èyí tó ti wà, ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ sì wá bá wa jókòó. Bó bá jẹ́ pé àwa tuntun nìkan la wà, bí ẹnì kan bá ṣubú, gbogbo wa lè tẹ̀ lé e.

Màmá Ṣadé, Ágríkì
Ó dáa, màá bi wọ́n léèrè bẹ́ẹ̀. Èmi á máa gbàdúrà tèmi nílé.

Ìyá Alágbo, Sábó
Káfíńtà, iṣẹ́ mi lẹ béèrè yìí. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n fi ògógóró rẹ, òun ló ń fà á tó fi ń ta lẹ́nu, tó sì ń yára mú èèyàn lára. Ẹlòmíì á ní omi ni, kó lè tà. Ẹ gbé e sí imú. Ẹ̀mí ọtí á ta sí yín nímú kó tó dé ẹnu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ataare àti kàfúrà pọ̀ nínú ẹ̀. Bó bá ta, ẹ dá a padà. Bítà inú ìgò náà ńkọ́? Ọtí ni, bí wọ́n tilẹ̀ ya ewé sí i lára. Omi ògì tàbí omi lásán la fi ń se tàwọn aláboyún àti ọmọdé, irú ẹ̀ lẹ lè ní kí wọ́n sè fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn dókítà, ẹ fi àgbo sílẹ̀ ná títí ẹ ó fi bi í. Alágbo ni mí, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìpàkodò
Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un.

Káfíńtà, bí wọ́n bá kọ̀wé fún yín sí Yábàá, Sábó ti Yábàá ni ilé ìwòsàn náà wà. Ẹ má sọ “Sábó” lásán fún ọlọ́kọ̀ ní gáréèjì, wọ́n á já yín sílẹ̀ sí tiwa níbí. Ẹ wọ BRT, ẹ sọ̀ ní Fádéyì, ẹ béèrè ọ̀nà Yábàá.

Abu Fáríídà, Ìsáwo
Awakọ̀, ọjọ́ wo lẹ tún ń lọ? Mo fẹ́ tẹ̀ lé yín. Lórí Zoom nìkan ni mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí owó ọkọ̀ ti gbówó lórí.

Awakọ̀ Ìjẹ̀dé
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì yín. Ẹ fi nọ́mbà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Káfíńtà, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà ẹ wá. Èmi ni màá san owó BRT ti àkọ́kọ́ yẹn.